Tíṣà Rupp Wà Nínú Fìríísà

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Merle Bressler fi wa ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní àfonífojì wọn ní Pẹnsilfáníà, kò sì kọlu ajá kan rí. Nígbà tó fẹ̀yìntì, wọ́n fún un ní agogo ara ògiri, wọ́n sì fi í ṣe alàgbà ìjọ. Ẹni tó bá rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, tó ti fi omi tẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ ka orúkọ àwọn aláìsàn fún àdúrà, á ní bí ènìyàn mẹ́wàá péré bá máa wọ ìjọba ọ̀run láti àfonífojì yẹn, Merle ò ní kọjá ẹnì kẹta. Merle náà ti ń gbà bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí ju ọkọ̀ wíwà lọ ni ìwọ̀. Ẹja tiráútì ló ni ìgbà ìrúwé níbẹ̀. Bí yìnyín bá ti yọ́ tán lórí òkè, tí omi odò Stover fà wálẹ̀ tó sì mọ́ gaara, àwọn kòkòrò kéékèèké á jáde láti ìsàlẹ̀ omi, wọ́n á máa gbọn ìyẹ́ wọn gbẹ lójú odò, àwọn ẹja á sì máa gòkè wá gbé wọn mì. Ẹni tó bá fi ekòló dẹ ẹja yẹn, wọn ò ní bú u, ṣùgbọ́n wọn ò ní kí i dáadáa. Irun àgbọ̀nrín, ìyẹ́ àkùkọ àti òwú ni wọ́n fi ń wé ìwọ̀ tín-ín-rín títí á fi jọ kòkòrò, wọ́n á wá fi ọ̀pá gígùn fì í sórí omi wẹ́rẹ́, bí ẹni pé atẹ́gùn ló gbé e dé. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ tó gba sùúrù. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ìgbà òtútù, nínú gbọ̀ngàn àwọn panápaná, Merle ló ń kọ́ tọmọdé tàgbà bí wọ́n ṣe ń wé e.

Òfin kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ẹ̀gún kékeré kan wà lẹ́yìn ẹnu ìwọ̀, òun ni kì í jẹ́ kí ìwọ̀ yọ bó bá ti wọ ẹran. Ní ibi tí odò Stover ti gba ilẹ̀ àwọn Confer kọjá, wọn kì í pa ẹja. Wọ́n á mú un, wọ́n á wò ó, wọ́n á dá a padà sómi. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ pẹja níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún náà mọ́lẹ̀ kí ìwọ̀ tó kan omi, kó lè rọrùn láti yọ lẹ́nu ẹja.

"Ẹni tí kò bá lè mú ẹja láìsí ẹ̀gún," Merle á wí, á gbé ẹ̀mú rẹ̀ sókè bí oníwàásù, "kó lọ ra ti inú agolo."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ọdọọdún ni wọ́n ń rín ẹ̀rín kan náà.

Clair Confer ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti wà ní kíláàsì kejì tí Tíṣà Rupp ń fi rúlà nà wọ́n lọ́mọ ìka. Clair ló ni ilẹ̀ náà, ilẹ̀ náà ló ni etí odò, etí odò ló ni ibú kan lábẹ́ igi ńlá tí èèpo rẹ̀ funfun. Abo tiráútì kan ń gbé inú ibú yẹn, ó gùn tó apá ọmọ ọdún mẹ́wàá, ètè rẹ̀ òkè sì ya díẹ̀ lápá òsì, bíi ti tíṣà wọn gẹ́lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Clair ti mú un láàárín ọdún mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló dá a padà. Òun ló sọ ọ́ ní Tíṣà Rupp.

"Ṣe ló ń wò mí bí ẹni pé mi ò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá," Clair sọ.

Kò sí òfin tó ní kí ẹlòmíràn má wọ ibú Clair. Ṣùgbọ́n ní àfonífojì yẹn, ibú tí wọ́n bá ti mọ̀ mọ́ ènìyàn, wọn kì í wọ̀ ọ́ láìpè é. Bí onítọ̀hún bá ń ṣàìsàn, ibú náà á dúró dè é, bí wọ́n ṣe ń fi àga bàbá sílẹ̀ nídìí tábìlì.

Ní oṣù kìíní, àrùn rọpárọsẹ̀ mú Clair lápá òsì. Ẹnu rẹ̀ ló kọ́kọ́ padà bọ̀ sípò, kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹsẹ̀ ló kù. Ọmọbìnrin kan ń wá lójoojúmọ́ láti kọ́ ọ ní ìrìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Clair á sì wo ògiri.

"Bàbá, ìṣísẹ̀ márùn-ún péré, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí n rìn lọ síbo? Sí ìdí fìríìjì?"

Merle ló yanjú ẹ̀. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wá kí i, pẹ̀lú ìgò ẹyin tí Arlene ìyàwó rẹ̀ sè, tó kó sínú omi kíkan àti omi bíìtì, gbòǹgbò pupa kan, títí wọ́n fi pupa. Lọ́jọ́ kan, ó gbé àga súnmọ́ ọn, ó ní, "Clair, mo kà á. Láti ibi tí ọkọ̀ lè dé, títí dé abẹ́ igi, ìṣísẹ̀ mẹ́tàlélógún ni. Tíṣà Rupp ń dúró dè ọ́."

Clair yíjú kúrò lára ògiri. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó máa wọ ibẹ̀ ṣáájú mi?"

"Kò sẹ́nìkankan."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Ṣé èmi kì í ṣe ẹnìkan ni?"

Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Fern, ìyàwó Clair, dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, aṣọ ìnuwo lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ló ṣe. Lọ́jọ́ kejì, Clair rin ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ kejì, ó di méje. Nínú ìjọ, wọ́n ní àdúrà ti gbà.

Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù kẹrin ni Merle sọ fún Arlene pé òun fẹ́ lọ yọjú wo ibú Clair, kí òun lè rí ìròyìn mú lọ fún un. Ó kàn fẹ́ wò ó ni. Ó wọ ṣòkòtò rọ́bà, ó mú ọ̀pá, ó mú àwọ̀n, ó mú àpótí kòkòrò irọ́. Arlene wò ó láti ẹsẹ̀ dé orí, ó ní, "Ojú nìkan lo fẹ́ fi wò ó?" Ó ti jáde.

Òjò ń ṣú, ojú ọjọ́ sì móoru. Agogo méjì ọ̀sán ò tíì kọjá dáadáa tí àwọn kòkòrò fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú omi, ọ̀wọ́ lé ọ̀wọ́. Lábẹ́ igi, níbi tí omi ti dákẹ́, imú kan yọ, ó gbé ọ̀kan mì, ó padà. Merle rí ètè tó ya. Ó jókòó sórí òkúta kan, ó ní òun ò kúkú ní ṣe nǹkan kan. Imú náà tún yọ.

Ogójì ọdún ló ti ń pẹja lódò yẹn. Òun ló kọ́ Clair bí wọ́n ṣe ń wé ìwọ̀, ọmọ ìka Clair ò sì fìgbà kan mọ̀ ọ́n wé. Síbẹ̀ Clair ti mú ẹja yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó ti sọ ìtàn rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn panápaná tó ìgbà ogún, Merle á sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn yòókù. Kò mọ̀ pé ẹ̀rín yẹn ti ń di òkúta sí òun nínú. Ó so kòkòrò irọ́ kan mọ́ okùn, ó mú ẹ̀mú jáde láti tẹ ẹ̀gún rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbé ẹ̀mú náà sí i. Kò tẹ̀ ẹ́. Ó ń rò ó pé ẹja ńlá báyìí, bó bá yípo lẹ́ẹ̀kan, ìwọ̀ tí kò lẹ́gùn-ún á yọ, òun ò sì ní rí irú rẹ̀ mọ́ láyé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Òun á rọra yọ ọ́. Òun mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ ju gbogbo ayé lọ.

Ó dá ẹ̀mú padà sápò.

Ìgbà kẹta tó fi í sómi ni ẹja náà gbé e. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó tẹ̀lé e, ọkùnrin míì á máa fi dá àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lára yá ni. Nígbà tí àwọ̀n gbé e, Merle rí i pé ìwọ̀ ti jìn. Kò dúró sí ètè. Ó ti wọlé dé ìdí ìjàgbá, níbi tí ẹja ti ń mí, ẹ̀gún sì ti di ibẹ̀ mú. Ó rọra fà á. Kò wá. Ó gbìyànjú ẹ̀gbẹ́ kan, ó gbìyànjú èkejì. Nígbà tó yọ, ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ lé e, omi sì gbé e lọ bí okùn pupa.

Ó di ẹja náà mú nínú omi, ó kọ orí rẹ̀ sí ibi tí odò ti ń ṣàn bọ̀, kó lè rí èémí. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ìka rẹ̀ fi kú tipiri. Ó gbàdúrà. Nígbà tó jọ̀wọ́ rẹ̀, Tíṣà Rupp rọra dẹ̀gbẹ́, ikùn rẹ̀ funfun sókè.

Òfin ibẹ̀ ni pé bí ẹja bá kú mọ́ni lọ́wọ́, kí a fi í sílẹ̀ fún odò. Merle ò lè fi í sílẹ̀ kí ẹyẹ máa ṣá a lójú lábẹ́ igi Clair. Ó yọ aṣọ òjò rẹ̀, ó wé e, ó gbé e lọ sílé, ó bọ́ sí ìyàrá ìsàlẹ̀ ilé, ó tẹ́ ẹ sí ìdí fìríísà, ó sì kó ẹran àgbọ̀nrín lé e lórí. Olè tó jí kàkàkí ọba, níbo ló ti máa fọn ọ́n? Ẹja tó tóbi jù láyé rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹ̀dá kan tó lè sọ fún.

Lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́ Ẹtì, ó gbé ìgò ẹyin lọ sí ilé Clair.

"O débẹ̀?" Clair ò tíì jẹ́ kó jókòó.

"Mo débẹ̀."

"O rí i?"

Merle ti fi ẹyin sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ fún àkókò tí ẹyin ò nílò. "Mo rí i."

"Kí ló ń ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ó... ó wà níbẹ̀ náà ni."

Clair na ọwọ́ ọ̀tún. "Fern, gbé ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ mi." Ó dìde, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, ètè rẹ̀ ń ka iye rẹ̀. Mẹ́rìnlá. Fern sunkún sínú aṣọ ìnuwo. Ó ní, "Merle, Ọlọ́run á san án fún ọ." Merle sì ń rò ó lọ́kàn pé ohun tó ń ba òun lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dé iwájú ìjọ láti ka orúkọ àwọn aláìsàn. Nígbà tó dé orí orúkọ Clair Confer, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn obìnrin ìlà iwájú wo ara wọn, wọ́n ní ẹ wo ìfẹ́. Ohun tó pamọ́ lójú ènìyàn, kedere ni lójú Olúwa. Ó sì jọ pé lọ́jọ́ yẹn, Olúwa ò bá a gbójú kúrò níbẹ̀ rárá.

Arlene ló kọ́kọ́ rí i. Ó lọ mú ẹran tó fẹ́ fi se ọbẹ̀.

"Merle," ó pè é láti ìsàlẹ̀ ilé, ohùn rẹ̀ rọra, "ta ló wà nínú fìríísà?"

Merle sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ẹ̀mú. Arlene dúró pẹ̀lú ẹran dídì lọ́wọ́, omi ń kán sí bàtà rẹ̀.

"Sọ fún Clair."

"Bí mo bá sọ fún un, kò ní rìn mọ́."

"Ìwọ ni dókítà rẹ̀?"

"Ó ti dé mẹ́tàdínlógún, Arlene."

"Ẹsẹ̀ Clair lo wá fẹ́ gbé ẹ̀ṣẹ̀ ẹ lé." Ó dá ẹran padà sínú fìríísà, ó tẹ ìdérí rẹ̀. "Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo ti ń bá ẹni tí kì í ṣe àṣìṣe gbé. Kò rọrùn, mi ò kàn wí ni. Wò ó, mi ò ní máa bu ẹran lórí òkú ẹni. Ọjọ́ tí o bá sọ fún un, a ó jẹ ẹran. Títí dìgbà náà, ẹ̀wà."

Ó sì ṣe bó ṣe wí. Ẹ̀wà lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀wà lọ́jọ́ Ìsẹ́gun. Merle á jẹ ẹ́ tán, á fọ abọ́ rẹ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wakọ̀ lọ sí ilé Clair láti sọ ọ́. Nígbà àkọ́kọ́, Clair rin méjìdínlógún. Nígbà kejì, ó rin ogún. Nígbà kẹta, kó tó la ẹnu, ọmọbìnrin tó ń kọ́ Clair ní ìrìn pàtẹ́wọ́, ó ní, "Bàbá, mẹ́tàlélógún. Ó pé."

"Ọjọ́ Ìsẹ́gun," Clair sọ fún Merle. "Wá gbé mi."

Lọ́jọ́ Ìsẹ́gun náà, oòrùn mọ́lẹ̀ lára ewé tuntun. Merle gbé ọkọ̀ dé ibi tó lè dé, ó gbé àga kíká síwájú, Clair sì rìn. Ó ń kà á sókè, bí ọmọ tó ń ka ìṣirò fún Tíṣà Rupp. Nígbà tó pe mẹ́tàlélógún, ọwọ́ rẹ̀ kan igi. Ó jókòó sórí àga, ó ń mí, ó wo omi pẹ́ títí. Ẹja kéékèèké méjì ń ṣeré létí òdìkejì.

"Ó fara pamọ́," ó ní. "Ó mọ̀ pé mo ti dé. So èyí fún mi, ọwọ́ òsì mi ṣì ń sùn."

Ó na àpótí rẹ̀ sí Merle. Kòkòrò irọ́ tó wà nínú rẹ̀ tó ogójì, ọwọ́ Merle ló wé gbogbo wọn, láti ọdún pípẹ́. Merle mú ọ̀kan. Okùn kọ̀, kò wọ ojú ìwọ̀.

"Ṣé ọwọ́ tìẹ náà ń sùn ni?" Clair rẹ́rìn-ín. "Àrùn rọpárọsẹ̀ kan ti tó àwa méjèèjì."

"Clair, kò sí níbẹ̀."

"O sọ pé o rí i."

"Mo rí i. Mo pa á."

Odò ń ṣàn lọ. Clair ò yíjú sí i. "Nígbà wo?"

"Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù kẹrin."

Clair ń ṣírò rẹ̀. "Mo rin mẹ́rìnlá ní ọjọ́ kejì."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Níbo ló wà?"

"Nínú fìríísà wa. Lábẹ́ ẹran àgbọ̀nrín."

"O wá ń tibẹ̀ wá jẹ ẹyin nílé mi." Ó fi ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀. "O ṣèlérí, o sì wọ ibú mi. Ìyẹn yé mi. Kòkòrò ti jáde, ẹni tó bá ní òun ò ní wọ ibú, irọ́ ló ń pa. Ẹja sì máa ń kú. Ẹ̀gún ńkọ́?"

Merle ń yí kòkòrò irọ́ náà lọ́wọ́.

"Merle. Ẹ̀gún ńkọ́?"

"Mi ò tẹ̀ ẹ́."

"O gbàgbé?"

Ilẹ̀kùn kan ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ fún Merle. Bẹ́ẹ̀ ni kan á ti tó, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ó wo ilẹ̀kùn náà.

"Rárá," ó ní. "Mo mú ẹ̀mú lọ́wọ́. Ìwọ ti mú un lẹ́ẹ̀mejì. Mo fẹ́ ẹ."

Clair wá yíjú sí i. Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni wọ́n ti jọ wà, kò tíì wò ó báyìí rí. Ó gba kòkòrò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dá a padà sínú àpótí, ó gbé àpótí lé e lọ́wọ́.

"Mú ẹ̀mú ẹ jáde. Tẹ̀ wọ́n."

"Èwo nínú wọn?"

"Gbogbo wọn."

Merle kúnlẹ̀ sórí koríko, nítorí kò sí àga kejì. Ó tẹ ẹ̀gún àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, ó tẹ ìkejì. Ìkẹfà ṣẹ́ lẹ́nu ẹ̀mú. "Máa lọ," Clair sọ, ojú rẹ̀ wà lódò. Mẹ́ta ló ṣẹ́ kó tó parí. Clair ò fi ìwọ̀ kan omi rárá lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí Merle pa àpótí náà dé, ó ní, "Gbé mi lọ sílé."

Ní iwájú ilé, Merle yípo wá ṣílẹ̀kùn, ó na apá rẹ̀ sí i bó ṣe máa ń ṣe. Clair wo apá náà.

"Fi sílẹ̀."

Ó fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dìde. Fern ti yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó rí ojú ọkọ rẹ̀, ó sì dúró síbi tó wà. Clair rìn. Merle ò fẹ́ kà á, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ń kà á fúnra rẹ̀. Mẹ́tàlélógún bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òdòdó Fern, Clair ò dúró. Ọgbọ̀n. Ó gun àtẹ̀gùn mẹ́ta iwájú ilé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń wọ́ lẹ́yìn. Ìbínú ló gbé e dé ibi tí àdúrà gbogbo ìjọ ò tíì gbé e dé. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀kùn, méjìdínlógójì ni.

"Ọjọ́ Ẹtì," ó sọ láìwẹ̀yìn. "Gbé e wá. Mo fẹ́ rí i."

Kò sọ bóyá kí ẹni tó ń gbé e bọ̀ jókòó. Ilẹ̀kùn tì.

Nígbà tí Merle délé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Arlene ń ro nǹkan lórí iná.

"Ó ti mọ̀?"

"Ó ti mọ̀."

"Ó rìn?"

"Méjìdínlógójì."

Arlene wò ó fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń wo ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ àdúgbò. Lẹ́yìn náà, ó mú aṣọ, ó fi gbá etí ìkòkò ẹ̀wà mú, ó sì gbé e kúrò lórí iná.